GBẸ́KẸ̀LÉ KÌ Í ṢE ÀWÌN

Ẹ̀kọ́ fún kíláàsì Bíbélì, lórí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì nì, trust, àti bí àwọn ènìyàn ti ń lò ó láti ìgbà pípẹ́ wá

Ibi kíkà: Orin Dáfídì 91:1-4, Orin Dáfídì 118:8, Àìsáyà 36:6, Àwọn Ọba Kejì 12:6-15, Jòhánù 2:23-25



Ìbéèrè kan ló bí ẹ̀kọ́ yìí. Ní kíláàsì wa, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ti lọ kọ́ṣẹ́ ní Èkó padà dé, ó sì bá wa ka Orin Dáfídì 91. Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ti Yorùbá ló wà lọ́wọ́ àwa. Bí a ti ka ẹsẹ kẹrin tán, ó ní ọ̀rọ̀ kan náà ló jáde nínú ẹsẹ kejì àti ẹsẹ kẹrin, ìyẹn trust, àti pé ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni ọ̀gá òun ní Èkó máa ń sọ nígbàkígbà tó bá fẹ́ gbé ọjà fún oníbàárà láìgba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá kan tó jókòó lẹ́yìn gbé orí sókè. Ó ní, "Ọmọ mi, jọ̀wọ́, ṣé ọ̀kan náà ni méjèèjì?"

A mọ ohun tó mú un béèrè. Ìyá yìí ló ń kó owó àjọ jọ fún àwọn obìnrin mọ́kànlá. Ẹnì kan dé sí àdúgbò wa, ó wọ aṣọ mímọ́, ó mọ orin, ó mọ àdúrà, ó sì bá wọn gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ó ní òun lè bá wọn ra ìrẹsì ní Kútọnu ní iye tó dínkù sí ti ọjà. Ìyá kó gbogbo owó àjọ fún un. Kò gba ìwé, kò pe ẹlẹ́rìí, kò tilẹ̀ bèèrè ilé tó dé sí. Ọkùnrin náà wọ mọ́tò, a kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́ títí di òní. Nígbà tí àwọn obìnrin yòókù ń bínú, ohun tí Ìyá ń tún sọ ni pé Ọlọ́run ni òun gbẹ́kẹ̀lé, òun kò wo ojú ènìyàn kankan. Kì í ṣe pé ó ń purọ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí lọ́kàn rẹ̀. Ohun tó sì ń dùn ún ju owó lọ ni pé bí ó bá ṣe pé Ọlọ́run ló gbẹ́kẹ̀lé, èé ṣe tí ó fi rí bẹ́ẹ̀?

Àwa náà kò lè dá a lóhùn lọ́jọ́ yẹn. A ní kó fún wa láyè kí a lọ wádìí. Ohun tí a rí ni a kọ síhìn-ín.

Kí a kọ́kọ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ló ni trust láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ní ọdún 865, ogun ńlá kan tukọ̀ ojú òkun wá láti ìhà Dẹ́nmáàkì, wọ́n sì ṣẹ́gun púpọ̀ nínú ìhà àríwá àti ìhà ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ogun yìí kò padà sílé mọ́. Wọ́n dáko, wọ́n gbéyàwó, èdè wọn sì dà pọ̀ mọ́ ti onílẹ̀, bí èdè Gùn àti Yorùbá ti ń wọ inú ara wọn ní Àjàṣẹ́ lójú wa yìí. Ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n mú wá ni traust. Ohun tó túmọ̀ sí ni ààbò, ìrànlọ́wọ́, ìfọkànbalẹ̀ lára ohun tí a lè fara tì. Ọmọ ìyá rẹ̀ kan wà, traustr, tí wọ́n fi ń pe ohun tó le, tó dúró gbọn-in, tí kì í yẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1200 ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í hàn nínú ìwé àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró díẹ̀ síbẹ̀. Gbòǹgbò ọ̀rọ̀ yìí kò sọ nípa inú ẹni tó ń gbẹ́kẹ̀lé nìkan. Ó ń sọ nípa òpó tó fẹ̀yìn tì. Bí òpó bá le, ẹni tí àyà ń já gan-an lè fẹ̀yìn tì í, kò ní ṣubú. Bí ikán bá ti jẹ inú òpó, bó ti wù kí ọkàn ẹni tó fẹ̀yìn tì í balẹ̀ tó, ilẹ̀ ni yóò bá ara rẹ̀. Àwa máa ń yẹ ọkàn ara wa wò bóyá ìgbẹ́kẹ̀lé wa pọ̀ tó. Àwọn tó kọ́kọ́ ní ọ̀rọ̀ yìí, òpó ni wọn ì bá yẹ̀ wò.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ tiwọn tẹ́lẹ̀ láti inú ìdílé kan náà, ìyẹn trow, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ lónìí mọ́. Nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1611, ẹ ó bá a nínú Lúùkù 17:9. Ìdílé yìí náà ló bí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe òtítọ́, true, àti èyí tí wọ́n fi ń pe àdéhùn pé kí ogun dáwọ́ dúró, truce, àti èyí tí wọ́n ń lò bí a bá fẹ́ ọmọbìnrin sọ́nà, betroth. Ẹ rí i pé gbogbo wọn ló ní í ṣe pẹ̀lú ohun tí ẹni méjì fọwọ́ sí, tí ẹnì kan kò gbọdọ̀ yẹ̀.

Wọ́n tún máa ń lò ó fún ìrètí. Nínú Jòhánù Kẹta, ẹsẹ 14, àpọ́sítélì náà ń retí láti rí ọ̀rẹ́ rẹ̀ láìpẹ́; ìrètí ni ọ̀rọ̀ tó lò ní èdè Gíríìkì, ṣùgbọ́n trust ni àwọn atúmọ̀ èdè ọdún 1611 kọ sílẹ̀. Nítorí náà bí ẹnì kan bá kọ lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì sí yín láti Èkó tó ní "I trust you are well," ẹ má ṣe rò pé ó gbẹ́kẹ̀ lé yín o. Ó kàn ń retí pé ara yín le ni.

Ọjà ni ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá kan etíkun tiwa, ó sì yẹ kí a fara balẹ̀ sọ ọ́, nítorí púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa kò gbọ́ ọ rí.

Ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn àti kí ó tó dìgbà náà, ọkọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì máa ń gúnlẹ̀ sí Bọ́nì, sí Kàlàbá àti sí àwọn odò mìíràn tó wà ní ìhà ìlà-oòrùn wa. Òyìnbó ọkọ̀ kò lè wọ inú ilẹ̀ lọ fúnra rẹ̀. Yóò kó aṣọ, irin, ìbọn, iyọ̀ àti ọtí fún àwọn oníṣòwò etí odò láìgba nǹkan kan, pé kí wọ́n gòkè odò lọ fi ra ọjà wá. Ọkọ̀ á máa dúró dè wọ́n fún ọ̀pọ̀ oṣù. Orúkọ tí wọ́n fún ètò yìí ni trust. Ẹni tó gba ọjà ti gba trust, ẹni tó fún un ti fi trust sílẹ̀. Àwìn ni, kì í ṣe ohun mìíràn. Kí a má sì fi ohunkóhun bò: lákọ̀ọ́kọ́, ènìyàn ni ọjà tí wọ́n ń gòkè odò lọ rà. Lẹ́yìn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò ẹrú fún àwọn ọkọ̀ tirẹ̀ ní 1807, epo pupa ló ń gba ipò ènìyàn díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ ètò náà kò yí padà.

Oníṣòwò Éfíìkì kan wà ní Kàlàbá tó ń jẹ́ Antera Duke. Ó kọ ìwé ìrántí ojoojúmọ́ ní irú Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń sọ létí odò, àwọn ohun tó kù nínú rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ láti 1785 dé 1788. Òun àti àwọn ọ̀gá ọkọ̀ jọ ń jẹun, wọ́n jọ ń mu, wọ́n ń gbé ọjà fún ara wọn. Ẹni tó bá ka ìwé náà lè rò pé ọ̀rẹ́ ni gbogbo rẹ̀.

Ṣé ìfọkàntán lásán ni wọ́n wá fi ń gbé ọjà ńlá bẹ́ẹ̀ sílẹ̀? Rárá o. Ní Kàlàbá, ẹni tó gba trust a máa fi ènìyàn dúró nínú ọkọ̀, ọmọ rẹ̀ tàbí ìbátan rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìdógò. Bí ọjà bá dé, ọmọ á bọ́ sílẹ̀. Bí ọjà kò bá dé títí ọkọ̀ fi fẹ́ ṣí, wọ́n lè gbé ọmọ náà lọ sókè òkun, kí wọ́n tà á bí ẹrú. Àwa Yorùbá mọ ìwọ̀fà dáadáa. Baba tó jẹ gbèsè á fi ọmọ rẹ̀ ṣiṣẹ́ sìn olówó títí a ó fi san owó. Ìwọ̀fà burú, a kò gbè é lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ìwọ̀fà wà nítòsí, ojú àwọn ẹbí rẹ̀ ń tó o, àṣà kò sì gbà kí a tà á. Ti inú ọkọ̀ yàtọ̀ pátápátá. Ọ̀rọ̀ kan náà tí àwọn onígbàgbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ń kọ lórin lọ́jọ́ ìsinmi ni ọ̀gá ọkọ̀ ń pè lọ́jọ́ ajé, nígbà tí ọmọ ọlọ́mọ jókòó sísàlẹ̀ ọkọ̀ rẹ̀.

Ìjà trust kò sì tán nígbà tó di epo. Ẹni tó gba àwìn lọ́wọ́ ọkọ̀ kan a gbé epo fún ọkọ̀ mìíràn; ọ̀gá ọkọ̀ a lọ fi agbára gba epo ẹlòmíràn dípò gbèsè. Ó le tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi dá kóòtù sílẹ̀ ní Bọ́nì ní 1854, àti ní Kàlàbá ní 1856, níbi tí àwọn oníṣòwò funfun àti dúdú ti jọ ń jókòó dá ẹjọ́ gbèsè.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìṣòro èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni èyí. Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ Faransé nílé ìwé, crédit tí ẹ ń gbọ́ lọ́jà Kútọnu, inú ọ̀rọ̀ Látìnì tó túmọ̀ sí "gbàgbọ́" ló ti jáde, ibẹ̀ náà ni croire ti wá, ibẹ̀ náà sì ni àwọn Kátólíìkì ti mú orúkọ Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́ wọn, Credo. Nínú èdè méjèèjì, ṣọ́ọ̀ṣì àti ọjà jọ ń lo ìkòkò kan náà. Ní ti Amẹ́ríkà, láti ọdún 1864 ni wọ́n ti ń kọ ọ́ sára owó wọn pé Ọlọ́run ni àwọn fi trust sí, òfin ọdún 1956 sì sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ àkọmọ̀nà gbogbo orílẹ̀-èdè. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù kan níbẹ̀ sọ ọ́ di àwàdà: wọ́n kọ ọ́ sára ògiri pé Ọlọ́run nìkan ni àwọn ń ṣe trust fún, kí gbogbo ẹni yòókù san owó kí wọ́n tó gbé ọjà. Ẹ̀rín ni wọ́n fi ṣe, ṣùgbọ́n lójú tiwa oníṣọ́ọ̀bù yẹn mọ ìyàtọ̀ tí ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ kò mọ̀.

Ìlò kan tún wà nínú òfin. Bí ẹnì kan bá fi ilé tàbí owó sí ọwọ́ ẹlòmíràn pé kó máa tọ́jú rẹ̀ fún àwọn ọmọ òun, tàbí fún ìjọ, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe ohun náà ní trust, ẹni tó sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni trustee. Orúkọ yìí náà ni òfin Nàìjíríà ń lò bí ìjọ bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀. Kò sí ìjà níbẹ̀: ohun náà kì í ṣe ti ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, òfin sì lè ní kó wá ṣírò rẹ̀.

Nísinsìnyí, kí a padà sí Orin Dáfídì 91 tí a bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin wa sọ òtítọ́: trust ló wà nínú ẹsẹ kejì, òun náà ló wà nínú ẹsẹ kẹrin. Bíbélì Yorùbá wa àtijọ́, iṣẹ́ tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ṣe, tí odindi rẹ̀ parí ní 1884, lo gbẹ́kẹ̀lé ní ibi méjèèjì pẹ̀lú. Ẹ ṣí i wò. Ṣùgbọ́n ní èdè Hébérù tí a fi kọ orin náà, ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ti ẹsẹ kejì ni bataḥ. Ó túmọ̀ sí kí ọkàn ẹni balẹ̀ lé nǹkan lórí, kí ó rò pé ewu kò sí. Ti ẹsẹ kẹrin ni ḥasah. Èyí túmọ̀ sí kí a sá di, kí a wọlé sí abẹ́ nǹkan nígbà tí òjò tàbí ọ̀tá bá dé. Ìdí nìyí tí orin náà fi dárúkọ ìyẹ́ apá níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ sísá di yìí kan náà ni Bóásì sọ fún Rúùtù, nínú Rúùtù 2:12, nígbà tó ń sọ bí obìnrin àjèjì náà ti wá sí abẹ́ ìyẹ́ apá Ọlọ́run Ísírẹ́lì. Gẹ̀ẹ́sì ọdún 1611 kọ trust níbẹ̀ pẹ̀lú.

Bí a bá ti mọ èyí, Orin Dáfídì 118:8 á yàtọ̀ lójú wa. A ti há ẹsẹ yìí sórí láti kékeré, a sì rò pé ohun kan náà ló wà ní apá méjèèjì rẹ̀, pé kí a yí ìgbẹ́kẹ̀lé wa kúrò lára ènìyàn sí ara Ọlọ́run. Ní Hébérù, sísá di ni ti Olúwa, ìfọkànbalẹ̀ ni ti ènìyàn. Ó dára kí o sá wọ abẹ́ Olúwa ju kí ọkàn rẹ kàn balẹ̀ lórí ènìyàn lọ. Àbí ẹ kò rí i? Ìṣe méjì ni, wọn kò dọ́gba, ọ̀kan kò sì lè wọ aṣọ èkejì.

Bataḥ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ dáadáa nígbà gbogbo o. A lò ó fún rere púpọ̀ nínú Orin Dáfídì, ṣùgbọ́n ẹ lọ ka Àwọn Onídàájọ́ 18. Àwọn ará Láíṣì jókòó jẹ́jẹ́, ọkàn wọn balẹ̀, wọn kò bá ẹnikẹ́ni ní nǹkan ṣe, ìlú tó lè gbà wọ́n sì jìnnà. Àwọn ọmọ Dánì yọ sí wọn, wọ́n fi idà pa wọ́n, wọ́n sun ìlú náà. Ọ̀rọ̀ tí a fi sọ nípa ìbàlẹ̀ ọkàn wọn níbẹ̀, inú bataḥ yìí náà ló ti jáde. Nínú Àìsáyà 32, ọ̀rọ̀ yìí ni wòlíì náà fi pe àwọn obìnrin tó ń gbé láìbìkítà. Kò sí ohun tó ṣe ọkàn àwọn ará Láíṣì. Ó balẹ̀ dáadáa. Òpó ni kò sí lẹ́yìn wọn.

Ẹ wo Àìsáyà 36 pẹ̀lú. Ní nǹkan bí ọdún 701 ṣáájú ìbí Olúwa, ọba Àsíríà gbógun ti Jùdíà, ìránṣẹ́ rẹ̀ sì dúró lẹ́yìn odi Jerúsálẹ́mù, ó ń bi àwọn ènìyàn Hesekáyà ohun tí wọ́n gbẹ́kẹ̀lé. Ó ní bó bá ṣe Íjíbítì ni, ọ̀pá esùsú tó ti ṣẹ́ ni wọ́n fi ń tilẹ̀. Ẹni tó bá fara tì í, yóò gún un lọ́wọ́ wọlé. Ọ̀tá ló sọ ọ́, a mọ̀, ó sì ń sọ ọ́ láti já wọn láyà. Síbẹ̀ òtítọ́ ni nípa Íjíbítì. Ẹ kíyèsí pé kì í ṣe ṣíṣubú nìkan ló sọ. Ọ̀pá burúkú á tún dá ọgbẹ́ sí ọwọ́ tó dì í mú. Ẹni tí wọ́n bá ti jẹ lówó rí mọ ohun tí à ń wí: owó lọ, ọwọ́ náà sì ń dun ni fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, a kò lè na án sí ẹlòmíràn mọ́.

Nínú Májẹ̀mú Tuntun, èdè Gíríìkì ni, ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ sì ń ṣe iṣẹ́ méjì. Ẹ ka Jòhánù 2, láti ẹsẹ 23. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gba orúkọ Olúwa gbọ́ nígbà tí wọ́n rí iṣẹ́ àmì rẹ̀. Ẹsẹ tó tẹ̀lé e lo ọ̀rọ̀ yẹn gan-an lẹ́ẹ̀kejì, ṣùgbọ́n ó yí i padà: wọ́n gbà á gbọ́, òun kò fi ara rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́. Ìdí rẹ̀ ni pé ó mọ ohun tó wà nínú ènìyàn. Àwa kò mọ ohun tó wà nínú ènìyàn bí Olúwa ti mọ̀ ọ́n, a sì máa ń yára fi ara wa lé wọn lọ́wọ́ jù ú lọ! Ẹ kò lè rí ibi kankan tí a ti dá Olúwa lẹ́bi pé ìfẹ́ rẹ̀ kéré nítorí èyí. Ó ń wo àwọn kan náà sàn, ó ń bọ́ wọn, ó ń kọ́ wọn.

Èyí mú wa dé ọ̀rọ̀ owó, níbi tí ojú máa ń ti púpọ̀ nínú wa. Ẹnì kan á ní, "Ará ni wá, ṣé kí n wá máa béèrè ìwé lọ́wọ́ ará?" Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà ayé Jèhóáṣì ọba, nínú Àwọn Ọba Kejì 12. Owó ń wọlé fún àtúnṣe ilé Olúwa lábẹ́ ọwọ́ àwọn àlùfáà, ṣùgbọ́n títí dé ọdún kẹtàlélógún ìjọba rẹ̀, ibi tó ya kò tíì dí. Bíbélì kò sọ pé wọ́n jalè. Ó kàn sọ pé iṣẹ́ kò ṣe. Nígbà náà ni Jèhóíádà àlùfáà mú àpótí kan, ó dá ihò sí ìdérí rẹ̀, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ, ibẹ̀ ni àwọn tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà sì ń kó owó sí. Nígbà tí owó bá pọ̀, akọ̀wé ọba àti olórí àlùfáà ni yóò jọ gòkè wá. Wọ́n á dì í sínú àpò, wọ́n á sì kà á. Ẹni méjì, ọ̀kan láti ààfin, ọ̀kan láti tẹ́ḿpìlì. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni a wá kà ní ẹsẹ 15 pé a kò bá àwọn tó ń san owó fún òṣìṣẹ́ ṣírò, nítorí olóòótọ́ ni wọ́n.

Ẹsẹ 15 yìí ni àwọn kan máa ń gbá mú. Wọ́n á ní ṣé ẹ rí i, nílé Ọlọ́run a kì í ṣírò owó! Wọn kì í ka ẹsẹ 9 àti 10. Àpótí ti wà, ihò ti wà lórí rẹ̀, ẹni méjì ti kà á, kí owó tó kan ọwọ́ àwọn olóòótọ́ náà. Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀, nígbà tó ń kó ọrẹ àwọn ìjọ lọ fún àwọn aláìní ní Jerúsálẹ́mù, gbà kí àwọn ìjọ yan ẹnì kan tí yóò bá a rìn, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí ẹ̀sùn kà sí wọn lọ́rùn lórí owó náà. Kọ́ríńtì Kejì 8:19-21 ni. Bí Pọ́ọ̀lù bá gbà kí ẹlẹ́rìí wà lórí owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ta ni nínú àwa aláṣọ funfun tó tó láti bínú nígbà tí a bá ní kó fọwọ́ síwèé?

Ní ọ̀sẹ̀ kejì a mú èsì wá fún Ìyá. A sọ fún un pé ọ̀rọ̀ kan ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní fún ìṣe méjì yìí, ṣùgbọ́n Yorùbá kò fi òtòṣì ṣe wá níbẹ̀. A ní gbẹ́kẹ̀lé, a ní sá di, a ní fọkàn tán, a ní tà láwìn, a ní fi ṣọ́wọ́. Kíkó owó fún ọkùnrin yẹn, ohun tí a fi ṣọ́wọ́ ni, ohun tí a bá sì fi ṣọ́wọ́ ní ẹlẹ́rìí, ó ní iye, ó ní ọjọ́ tí yóò padà. Gbígbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run kò sí nínú ọ̀rọ̀ yẹn rárá, nítorí náà Ọlọ́run kọ́ ló já a kulẹ̀. A tún sọ fún un pé ọkùnrin náà ni olè, kì í ṣe òun, kí àwọn obìnrin yòókù sì dẹ́kun fífi orin bú u. Àwa tó jẹ́ àgbà ìjọ náà ní ẹ̀bi tiwa: aṣọ ọkùnrin náà la wò, a kò bi í ní ìjọ tó ti wá.

Nígbà tí a ka ẹsẹ kẹrin tí a sì ṣàlàyé ìyẹ́ apá fún un, ó kọ́kọ́ dákẹ́. Lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ń sin adìẹ láti kékeré, òun kò rí i kí ọmọ adìẹ kan kó owó fún ẹnikẹ́ni nígbà tí àṣá bá dé. Ó ní ṣe ló ń sá wọlé.

Àwọn obìnrin náà ti tún àjọ wọn bẹ̀rẹ̀. Agolo kan ni wọ́n ń kó owó sí, kọ́kọ́rọ́ méjì ló ń tì í, ẹni méjì tí kò gbé inú agbolé kan náà ló sì mú kọ́kọ́rọ́ wọ̀nyí dání. Ọmọbìnrin kan tó mọ̀ ọ́n kọ ń kọ iye rẹ̀ sínú ìwé lójú gbogbo wọn. Ìyá ń san gbèsè rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti inú èrè gàrí tó ń tà. Ó ti san ti ẹni méje, ó ku mẹ́rin. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá wọ́n ní kó wá mú ọ̀kan nínú kọ́kọ́rọ́ náà. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun san ti àwọn mẹ́rin tó kù tán ná.

Fún ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí kíláàsì kọ̀ọ̀kan ka Orin Dáfídì 37:1-7 sílẹ̀. Nínú ẹsẹ karùn-ún ibẹ̀, ọ̀rọ̀ Hébérù kan wà tó túmọ̀ sí kí a yí ẹrù, bí ènìyàn ti ń yí òkúta tàbí àgbá epo tó wúwo jù fún orí. Kí ẹni tó bá ti yí àgbá epo rí múra láti sọ fún wa bí a ti ń ṣe é.